Àkèré Mi Kọ Oúnjẹ fún Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún: Ohun Tí Mo Ṣe Títí Ó Fi Jẹun

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni àkèré mi ò fi jẹun. Irú tí àwọn tó ń sin àkèré ń pè ní Pacman ni, Ceratophrys cranwelli, ará pápá Gran Chaco ní Àjẹntínà, Páràgúwè àti Bòlífíà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó orí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ri ara mọ́lẹ̀, kó ku ojú nìkan níta, kó máa dúró de ohun tó bá fẹ́ kọjá. Bí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ bá pa ẹnu dé, kì í ṣe oúnjẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò.

Àìjẹun kan wà tí kì í ṣe àìsàn. Èyí tó ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ló ń jẹun, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹun kò ní kí ọkàn ẹni já. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lè má fọwọ́ kan nǹkan fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Tó bá sì ń bọ́ awọ, á wú, á máa yànu, á máa fi ọwọ́ fa awọ àtijọ́ sí ẹnu, á sì gbé e mì. Ó máa ń dà bíi pé ó ń kú lọ ni, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀. Tèmi ò sí nínú ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo gbé e sínú abọ́ ike tí mo tẹ́ bébà tútù sí, mo gbé abọ́ náà lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, mo sì yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò. Gíráàmù 182 ló wọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Ó ti di 171. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni mo fi ṣe ààlà: bó bá jó rẹ̀yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni. Mo fi ọwọ́ tútù tí kò ní ọṣẹ tàbí ìpara yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ikùn àti abẹ́ itan bá pọ́n, ó lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn ti wọ ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Bí egungun ẹnu ìsàlẹ̀ bá rọ̀ bíi rọ́bà, kálíṣíọ̀mù ló ṣaláìní, kò sì lágbára láti di ẹran mú. Bí ikùn bá le ní ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan lè ti há sínú ìfun. Tèmi mọ́ lára, kìkì pé mi ò rí ìgbẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Tẹmọ́mítà tí mo lẹ̀ mọ́ gíláàsì lókè, nítòsí ìdérí, ń sọ fún mi pé 25°C ni. Ṣùgbọ́n àkèré kì í gbé lókè. Mo ki tẹmọ́mítà onírin bọ inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀: 19°C! Ìlú Ọba là ń gbé, oṣù kẹwàá ọdún ti wọlé, a kì í sì í tan ẹ̀rọ amúlégbóná lóru. Àkèré kì í dá ooru ṣe fún ara rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù tó báyìí, ara rẹ̀ á sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀rùn Chaco ti dé. Níbẹ̀, á gbẹ́lẹ̀ wọlé, á fi awọ àtijọ́ di ara rẹ̀ bí ẹni di ẹ̀kọ léwé, kò sì ní jẹun títí òjò á fi dé. Oúnjẹ tí a bá fi túláàsì fún un nírú àkókò yìí, jíjẹrà ló máa jẹrà sínú rẹ̀.

Abẹ́ àpótí gíláàsì ni ẹní oníná wà tẹ́lẹ̀, àṣìṣe ńlá sì ni. Nínú igbó, bí ooru bá pọ̀, ìsàlẹ̀ ni àkèré ń wá ìtura lọ. Bí iná bá wá wà nísàlẹ̀, bó ṣe ń sá fún ooru ló ń sún mọ́ ọn, ikùn rẹ̀ sì lè jóná. Mo gbé ẹní náà sí ara gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan, láti ìta, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń dá ooru dúró sójú kan, mo sì gbé e sí 27°C. Ojú wáyà tí ẹ̀rọ náà fi ń wọn ooru wà nínú ilẹ̀ níbi tó gbóná, rọ́bà amúgíláàsì ni mo fi dè é. Bí àkèré bá fi ẹsẹ̀ ta á jáde sínú afẹ́fẹ́ tútù, iná ò ní kú mọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù sínú àpótí láé. Awọ ara rẹ̀ ló máa bá a bọ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń lọ sí 23 sí 24°C, kó lè yan ibi tó wù ú.

Mo kó gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ dànù. Awọ ni àkèré fi ń mu omi. Ìtọ̀ tó bá wọ ilẹ̀ ń padà wọ ara rẹ̀, ó sì ń di májèlé. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán: bí èyí tó máa ń jókòó sójú kan bá ń fo káàkiri lójú mọmọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbandi, ẹ gbé e sínú omi mímọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi gbígbóná nìkan ni mo fi fọ gíláàsì. Mo tẹ́ èèpo àgbọn lílọ̀ tuntun, ó ga tó sẹ̀ntímítà mẹ́jọ. Fún un mọ́wọ́: kó dì pọ̀, kí omi má ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ. Omi ẹ̀rọ tí a ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì máa ń pàdánù chlorine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi sómi, àmọ́ chloramine, èyí tó jọ ọ́, kì í lọ. Oògùn tó ń pa méjèèjì ni mo ń kán sí i.

Ní alẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, mo gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, 28°C, sẹ̀ntímítà méjì péré, fún ogún ìṣẹ́jú. Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀wẹ̀, ó lè rì. Ní alẹ́ kejì ó yàgbẹ́, dúdú, fọ́nrán èèpo àgbọn sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méje láìfi oúnjẹ lọ̀ ọ́, láìfọwọ́ kàn án. Aṣọ dúdú bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àpótí. Ó nira fún ẹni tó fẹ́ràn ẹran rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rù ló ń fi kún un.

Ní ọjọ́ kọkànlá mo pa iná yàrá. Ekòló ni mo mú, èyí tí wọ́n ń tà fún apẹja, kì í ṣe ti inú ọgbà tí wọ́n ti fín oògùn sí. Mo fọ̀ ọ́, mo gé e sí gígùn ìka ọwọ́. Ẹ̀mú ọparun gígùn ni mo lò. Irin lè ba eyín rẹ̀ jẹ́, torí pẹ̀lú agbára ló fi ń gbé nǹkan. Mo mi ekòló náà díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mi ò fi kan orí rẹ̀. Kò mira. Mo gbé e kúrò.

Ọjọ́ kẹtàlá, mo tún ṣe é. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ekòló kékeré, ọgbọ́n tó fi ń fa ẹran wá nìyẹn. Gbàmù! Ó gbé e. Ojú rẹ̀ méjèèjì rì wọnú orí, wọ́n yọ, wọ́n tún rì: ojú ni àkèré fi ń ti oúnjẹ wọ ọ̀fun.

Ìdajì ekòló nìkan ni mo fún un lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ẹ̀, odidi kan, tí mo yí nínú ẹ̀tù kálíṣíọ̀mù oní-fítámì D3. Kò sí èkúté, ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù fún ikùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò sí ẹja góòlù, ó ń ba fítámì B1 jẹ́.

Mi ò fi ọwọ́ la ẹnu rẹ̀ rí, egungun ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì kọjá nínú ooru tó tọ́ láìjẹun, mà á ti gbé e lọ bá dókítà tó mọ àkèré, pẹ̀lú ìgbẹ́ tútù nínú àpò ọ̀rá kí wọ́n lè wo aràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òṣùwọ̀n kà 179.