Tí jẹjẹrẹ kíndìnrín bá ti dé inú eegun: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ̀yin ará wa n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí dókítà bá ní jẹjẹrẹ kíndìnrín bàbá yín ti wọ eegun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé wọn lọ bá àwọn tó ń to eegun kí wọ́n máa fi òrí wọ́ ọ o, eegun tí nǹkan ti ń jẹ nínú lè kán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ forí lé OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ṣágámù, kẹ́ ẹ lọ ya fọ́tò eegun (X-ray).

Ibi tó ń dùn wọ́n, wọ́n lè lo rediotẹ́rápì, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, nígbà míì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó, ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó àti UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀rọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ eegun itan tó ti fẹ́ kán, wọ́n lè fi irin sí i kó tó kán, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń pọ̀ nínú irú eegun yìí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á kọ́kọ́ dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Abẹ́rẹ́ zoledronic acid ń mú eegun le, kò pa jẹjẹrẹ náà. Kí wọ́n yẹ eyín àti ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó gún un, pàápàá tó bá jẹ́ kíndìnrín kan ló kù. Oògùn bíi sunitinib, cabozantinib àbí nivolumab ló ń kojú jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀, owó ẹ̀ wọ́n gan-an, ẹ béèrè iye kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Oògùn ìrora bíi ibuprofen ńkọ́? Ẹ má dá a lò, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má bẹ̀rù mọfíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, tí dókítà bá kọ ọ́.

Tẹ́sẹ̀ bá ṣàdédé rọ tàbí tí wọn ò lè tọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, kódà bó jẹ́ òru.