Bí Asẹ́ Bá Ń Dá Ímeèlì Yín Dúró: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ní nítòsí Ọjà Akẹ́sán, nílùú Ọ̀yọ́. Láti ìgbà tí mo ti fi asẹ́ tó ń yọ ímeèlì jìbìtì sórí kọ̀ǹpútà mi ni Thunderbird, ètò tí mo fi ń gba ímeèlì, ti ń sọ pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ímeèlì mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dáhùn títí àkókò fi kọjá. Lẹ́tà mìíràn sì ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà o. Ó ṣeé ṣe kí sáfà má jẹ̀bi rárá. Irú asẹ́ tó ń jókòó sáàárín sáfà àti Thunderbird máa ń gba odidi lẹ́tà, á yẹ̀ ẹ́ wò tán, kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ká ní oníbàárà fi àwòrán olóògbé tí ẹ ó tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú ránṣẹ́, tí fáìlì náà tó mẹ́gábáìtì 20, tí íntánẹ́ẹ̀tì yín sì ń wá ní mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó kéré tán, ìṣẹ́jú-àáyá 160 ni yóò gbà, torí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Asẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún Thunderbird, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá 100 péré ni wọ́n ní kó fi dúró. Bí 100 bá ti pé, á já okùn, ìyẹn ìsopọ̀ tó wà láàárín òun àti sáfà.

Okùn tó já yìí náà ló ń fa àwítúnwí lẹ́tà. Nínú òfin POP3, ìyẹn ìlànà tí ètò ímeèlì fi ń kó lẹ́tà láti orí sáfà, sáfà kì í pa lẹ́tà rẹ́ àfi bí ètò ímeèlì bá fi àṣẹ QUIT dágbére fún un. Bí okùn bá já ṣáájú ìdágbére, èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ lè tún wọlé.

Nínú Thunderbird, ẹ lọ sí Settings, lábẹ́ General, ẹ ṣí Config Editor, ẹ wá mailnews.tcptimeout, tó ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí Thunderbird yóò fi dúró, kí ẹ sọ 100 di 300.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú yọ asẹ́ náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Lẹ́tà oníjìbìtì kan ṣoṣo lè kó owó iṣẹ́ oṣù kan lọ. Ẹ kàn wò ó bóyá antivirus yín náà ń yẹ ímeèlì wò, nítorí asẹ́ méjì lórí omi kan lè fi kún ìdúró. Ọ̀kan nínú wọn ti tó.

Ìbéèrè: Lẹ́tà kan wà tí kò wọlé síbẹ̀, tó sì dí àwọn yòókù lọ́nà.

Ìdáhùn: Ẹ ṣí àpótí ímeèlì yín láti orí Chrome tàbí Firefox, ẹ fi fáìlì náà pamọ́, kí ẹ gbé lẹ́tà náà kúrò nínú Inbox. Ẹ kọ́kọ́ ṣí àwòrán náà wò pé ó pé kí ẹ tó pa lẹ́tà rẹ́, torí ẹbí olóògbé lè má ní ẹ̀dà mìíràn nílé.