Ìbọn Ìléwọ́ Tí Mo Gbé fún Ọdún Mẹ́fà, àti Ṣakabùlà Bàbá Ọ̀dà

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Òkúdu ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo wa ọkọ̀ láti Ọ̀ba-Ilé lọ sí ọ̀nà Ọ̀dà, l'Ákùúrẹ́, láti lọ kí àbúrò bàbá mi. Bàbá Ọ̀dà ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n sì ní oko kòkó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, wọ́n bu omi fún mi. N kò tí ì mu ún tán tí wọ́n fi bi mí pé: "Táyọ̀, ìbọn kékeré tó o ní l'Amẹ́ríkà ńkọ́? Kí ló dé tí o ò gbé e bọ̀? Ṣé o ò rí bí ọ̀nà ṣe rí ni?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ́wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu ọdún 2022, ṣàṣà ni ìpàdé ẹbí tí ẹnìkan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi mí bóyá kò ní í dáa kí n máa mú ìbọn ìléwọ́ rìn. Mo ti mú un rìn rí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé e ní Houston, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo gbé e tí ọkàn mi fúyẹ́.

Mo sọ fún Bàbá pé mo ti tà á padà fún oníṣọ́ọ̀bù ìbọn kí n tó wọ bàálù. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà irú tiwọn, ìyẹn ìbọn ọdẹ tí à ń ki lẹ́nu, wà ní ìpín kẹta, ìwé àṣẹ ló ń gbà. Ìbọn ọdẹ oníkàtírííjì wà ní ìpín kejì, láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pátá, ìpín kìíní ni wọ́n kó o sí, níbi tí bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta wà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ láti ní i. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò láṣẹ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí rẹ̀. Bàbá wá mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Báwo lo ṣe wá ń gbé e nígbà yẹn? Sọ ọ́ fún mi, èmi náà oníbọn ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn ni mo fẹ́ sọ ọ́ níbí.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ní ilé epo kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nínú. Lẹ́yìn tí wọ́n na ìbọn sí ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo forúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ Texas ní 2016. Nígbà yẹn, $140 ni owó rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n já a sí $40. Nígbà náà, ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 21 kò lè gbà á, àfi bó bá jẹ́ ológun. Mo tẹ̀ka, wọ́n yẹ ìwé mi wò, mo jókòó ní kíláàsì fún wákàtí bíi márùn-ún. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa kì í ṣe bí a ṣe ń yìnbọn, bí kò ṣe ìgbà tí òfin kò gbà kí a yọ ọ́ rárá. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò: ọta 50. A yin 20 láti yáàdì 3, 20 láti yáàdì 7, 10 láti yáàdì 15. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 250, ẹni tó bá gba 175 ti yege. Mo gba 219, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì FUTA. Láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2021 ni Texas ti gbà kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti pé ọdún 21 máa gbé ìbọn ìléwọ́ láì gba ìwé àṣẹ. Èmi kò jẹ́ kí tèmi kú. Kíláàsì yẹn ṣe mí lóore ju ìwé náà lọ.

Ìbọn tí mo rà jẹ́ Smith & Wesson 642, ọlọ́ta márùn-ún, tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po. Kò wúwo tó ìdajì kílò. Kò ní òòlù níta tó lè kọ́ mọ́ aṣọ nígbà tí èèyàn bá ń fà á yọ, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: bí ìbọn bá ti fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ta ọwọ́ ẹni tó yìn ín tó. Lẹ́yìn ọta ogún, àtẹ́lẹwọ́ mi a máa gbóná bíi ti ẹni tó fi àdá aláìlẹ́kù ṣánko. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ fún àwọn obìnrin àti àwọn arúgbó pé òun ló rọrùn jù. Kò rọrùn. Ó rọrùn láti gbé ni, kò rọrùn láti yìn.

Àpò ṣòkòtò iwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni mo ń fi sí, nínú àkọ̀ tó bo tírígà rẹ̀ pátápátá. Òfin kìíní tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ wọ àpò yẹn láéláé, ìbáà ṣe kọ́kọ́rọ́, bíírò tàbí owó ẹyọ. Ohun tín-ín-rín tó bá kọ́ tírígà, iṣẹ́ ìka ló ń ṣe. Òfin kejì ni pé bí n kò bá nílò láti yọ ọ́, n kò yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ jàǹbá ìbọn tí wọ́n sọ fún wa ní kíláàsì kò ṣẹlẹ̀ níbi ìjà. Níbi tí èèyàn ti ń bọ́ ṣòkòtò ni, níbi tó ti ń fi han ọ̀rẹ́, níbi tó ti ń sáré dá a padà sínú àkọ̀.

Kí n tó jáde, mo ní láti ro gbogbo ibi tí mo máa yà. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹjọ́, ibùdó ìdìbò, ọ̀kankan kò gbà á. Ilé ọtí tí wọ́n kọ 51% pupa sí lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ibi tí ó ju ìdajì owó tó ń wọlé fún un lọ ti ń wá láti ara ọtí, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí èèyàn gbé e wọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí níbi àríyá àwọn ará ilé wa tí ìbọn bá wà lára mi. Bí awakọ̀ kan bá gba iwájú mi lójú pópó, èmi ni mo ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé mo ti di onísùúrù. Mo sọ fún un pé kì í ṣe sùúrù, ẹ̀rù ni. Ẹni tí ìbọn wà lápò rẹ̀ kò ní ìjà kékeré mọ́. Gbogbo ìjà tó bá dá sílẹ̀ lè di ti ikú.

Ọmọbìnrin wa ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà. Mo ti iṣẹ́ dé, mo jókòó, ó gun orí itan mi, ó wá fi ọwọ́ lu àpò mi: "Dádì, kí ló le níbí?" Òógùn tútù bò mí. N kò tí ì bọ́ aṣọ iṣẹ́, ìbọn sì wà ní ìwọ̀n ìka ọmọ mi. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ ra àpótí irin onínọ́ńbà. Láti ọjọ́ náà, kí n tó bọ́ bàtà ni ìbọn ti ń wọnú àpótí. Òfin Texas pàápàá ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi ìbọn tó ti ki sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 17 ti lè mú un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló lé mi dé ọjà.

Ti ìtọ́jú rẹ̀ wàyí. Àpò ṣòkòtò ń dọ̀tí ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Òwú, eruku àti èérún bisikí ń wọ ẹnu ìbọn, òógùn ara ń mú kí irin rẹ̀ dípẹtà. Ojú ọjọ́ Houston lọ́rinrin bíi ti Àkúrẹ́ lóṣù Agẹmọ. Lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń ṣí ilé ọta, tí mo ń da ọta márààrún sórí aṣọ, tí mo ń kà wọ́n. Màá fi ojú wo ihò márààrún, màá sì fi ìka kàn wọ́n, nítorí ojú tó ti rẹ̀ a máa rí ohun tó fẹ́ rí. Màá wá gbé ọta náà lọ sí yàrá mìíràn kí n tó padà sídìí ìbọn. Aṣọ gbígbẹ ni mo ń fi nù ún, lẹ́yìn náà aṣọ tí a kan ọ́ìlì díẹ̀ sí.

Bí mo bá ti lọ yìnbọn níbi ìdánrawò, iṣẹ́ náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá ṣí fèrèsé. Màá fi omi oògùn ìfọbọn rẹ búrọ́ọ̀ṣì onídẹ, màá tì í gba inú ọ̀pá ìbọn, màá ṣe ihò ọta kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, màá wá máa fi aṣọ pélébé gbà á títí aṣọ yóò fi máa jáde ní funfun. Ibi tí èèyàn ń gbàgbé jù ni abẹ́ irin oníràwọ̀ tó ń ti èèpo ọta jáde. Mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo tún lọ yìnbọn, ilé ọta kọ̀, kò yí. Hóró ẹ̀tù tí kò jó tán, tí kò tó hóró gàrí, ló há sábẹ́ ràwọ̀ yẹn. Ó yẹ kí ẹ rí ojú mi. Ìbọn tí mo ti gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo fọkàn tán, ì bá má dá mi lóhùn bí mo bá pè é. Láti ìgbà náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ń nu abẹ́ ràwọ̀, gbígbẹ. N kò fi ọ́ìlì síbẹ̀, nítorí ọ́ìlì tó bá ṣàn dé ìdí ọta lè pa iná inú rẹ̀. Bí mo bá ṣe tán, ọwọ́ mi méjèèjì di inú ọṣẹ àti omi tútù kí n tó fi kan oúnjẹ tàbí ọmọ: òjé wà nínú èérí yẹn.

Bàbá Ọ̀dà gbọ́ mi dé ibí yìí, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé ṣakabùlà wọn lórí àjà wá. "Ó dáa, bá mi wo tèmi." Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti ki í. Wọ́n ní rárá, òfìfo ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a wò ó. Ìbọn tí à ń ki lẹ́nu kò ṣeé ṣí wò bíi tèmi, ọ̀pá rẹ̀ ló ń sọ òtítọ́. Mo ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki í bọ inú rẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò sàmì sí i ní ẹnu ìbọn, mo fà á yọ, mo fi wọn ọ̀pá ìbọn láti ìta. Ó yẹ kó dé ibi tí iná ti ń wọlé. Kò dé ibẹ̀. Ìka mẹ́rin ló kù.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá pe ọmọ wọn ọkùnrin láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ki í ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nígbà tí ajá ń gbó lóru, òun wá gbé e padà. Àwọn ọmọ ọmọ Bàbá mẹ́ta ń sùn lábẹ́ àjà yẹn. Bàbá kò bínú sókè. Wọ́n kàn ní, "Ògún ò ní í jẹ́," wọ́n mú ìbọn, ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, a sì rìn lọ sínú oko. Wọ́n yìn ín sí ẹsẹ̀ òkìtì kan. Ìgbà kìíní kò dún. Wọ́n dúró, ẹnu ìbọn kò kúrò lára òkìtì náà, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìgbà kejì ló dún.

Nígbà tí a padà délé, Bàbá ló wá di olùkọ́. Ẹ̀tù dúdú kì í ṣe ẹ̀tù ọta mi. Iyọ̀ inú èérí rẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi oògùn tí mo ń ròyìn kò wúlò níbẹ̀ tó omi gbígbóná. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n tú ọ̀pá ìbọn kúrò lára igi rẹ̀, wọ́n ń dà á, wọ́n ń fi èkísà gbà á, títí omi tó ń jáde fi mọ́. Irin náà gbóná débi pé òun fúnra rẹ̀ gbẹ. Àdín ni wọ́n fi pa á, tẹ́ẹ́rẹ́. "Tí ó bá pọ̀, eruku ló máa kó," ni wọ́n wí. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ohun kan náà ni mo jìyà kí n tó mọ̀.

Ẹ̀tù àti àwọn fìlà iná rẹ̀, ìyẹn kinní kékeré tó ń tanná sí ẹ̀tù, ti kúrò lórí àjà báyìí. Inú àpótí onírin oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n wà, Bàbá nìkan ló so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí. Ní tèmi, tọ́ọ̀ṣì, fóònù tó gbaná dáadáa àti fèrè tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa pín ni mo ń mú rìn l'Ákùúrẹ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kì í bá mi lójú ọ̀nà oko mọ́. Nọ́ńbà àwọn Amọ̀tẹ́kùn wà lókè nínú fóònù mi.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ọ̀dà pè mí. Wọ́n fẹ́ lọ dẹ ìgbẹ́. Wọ́n ní kí n dúró lórí fóònù díẹ̀. Mo gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń bọ́ sínú irin, ó dún kíń nísàlẹ̀. "Ó dé ibẹ̀," wọ́n ní. "Òfìfo ni."