Bẹ́ ẹ ṣe lè gbádùn òṣùpá àrànmọ́jú létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni káwọn èèyàn ní àwọn fẹ́ wo òṣùpá, kí wọ́n wá jáde laago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tó ti wà lókè ténté, wọ́n á gbójú sókè fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á padà sídìí fóònù. Ẹ ti pẹ́ jù jàre. Ìgbà tó bá ń yọ gan-an ni kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ ẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá ń ka oṣù Mùsùlùmí, ó ti parí, nǹkan bí ọjọ́ 14 tàbí 15 ni. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bi Google.

Lọ́jọ́ yẹn, bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀ lápá kan ni òṣùpá ń yọ lódìkejì, torí ayé ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé tó bá fi máa di aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ kẹ́ ẹ ti wà létí omi ní Marina. Ẹ kọjú sí ọ̀sà, ọwọ́ òsì yín ni kẹ́ ẹ máa wò. Ará Àgbádárìgì náà tó bá kọjú sókun, ọwọ́ òsì náà ni, apá Èkó. Ẹ má sún un di ọjọ́ kejì o, á ti fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Ọjọ́ tó ṣáájú ló dáa fún fọ́tò, torí òṣùpá á ti jáde kílẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ ojú omi á ṣì hàn dáadáa. Ẹ gbé fóònù ti nǹkan kó má gbọ̀n, ẹ tẹ òṣùpá lójú fóònù, kẹ́ ẹ wá dín ìmọ́lẹ̀ kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gílóòbù lẹ máa yà.

Tó bá ń yọ, á rí ràgàjì, á pọ́n bí epo. Pípọ́n yẹn, afẹ́fẹ́ àti eruku ìsàlẹ̀ ló fà á, àmọ́ títóbi yẹn, ojú ló ń tàn wá jẹ. Ẹ na apá yín gbọọrọ, ẹ fi èékánná ìka tó kéré jù bò ó, á bò ó. Ẹ tún un ṣe laago mẹ́wàá, bákan náà ni. Ìyá mi ò gbà ṣá, wọ́n ní èékánná mi ló gùn.

Dúdúdúdú tó wà lára ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n sọ fún wa lọ́mọdé pé ẹni tó la igi lọ́jọ́ Sunday ni. Òkúta tó yọ́, tó ṣàn, tó wá dì láti ayébáyé ni, àmọ́ ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kọ́kọ́ wá igi yẹn ná.

Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nítorí ẹ̀fọn, ẹ ra ẹ̀pà dání, ẹ má sì dá lọ. July sí September, ìkùukùu lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ní 7 September 2025, òjìji ayé ti bo òṣùpá pátá kó tó yọ lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ò gbọ́ tẹ́lẹ̀ á rò pé kò jáde rárá.

Tẹ́ ẹ bá rí bàbá apẹja tó jókòó láìṣiṣẹ́, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan sọ fún mi pé ẹja ń rí àwọ̀n tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ báyìí, torí náà àyè àlọ́ wà dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.