Ẹ má ṣe ra ìgò kejìlá: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń wojú Olúwa fún ọmọ

Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí a ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ìyàwó kékeré kan dúró dè mí. Ó fa láílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì to ohun tó wà níbẹ̀ sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan. Ìgò òróró mọ́kànlá. Àwọn míì wà tí kò tíì ṣí rárá. Ọ̀kan ti jò sára bébà tí wọ́n fi wé e, òórùn rẹ̀ sì ti dà bí òróró tí wọ́n fi dín àkàrà àná. Ó mọ iye tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí: èyí 5,000 náírà, èyí 12,000, èyí tó kéré jù, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, 60,000. Òun ni wọ́n ní kó máa fi pa ìsàlẹ̀ ikùn fún ọjọ́ 21. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé nílé ọkọ. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, èwo ni kí n tún rà?"

Inú bí mi débi pé n kò lè dá a lóhùn kíá. Kì í ṣe òun ni mò ń bínú sí. Ọdún 9 ni mo ti ń jókòó ti àwọn obìnrin tó ń wojú Olúwa, èmi náà sì dúró fún ọdún 11 kí wọ́n tó kí mi kú ewu ọmọ. Ohun tó tán mi lówó náà ló ń tán wọn lówó. Fóònù ni wọ́n fi ń gba owó tiwọn báyìí, ìyẹn nìkan ló yàtọ̀. Ẹ mọ àdúrà gbà, ẹ mọ ẹsẹ Bíbélì, n kò ní kọ́ yín nìyẹn. Ibi tí ẹ ti ń ṣì í ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ìyàwó nìkan ni yóò máa ṣe àyẹ̀wò. Bí tọkọtaya bá ti jọ wà fún oṣù 12 láìdènà oyún, tí kò sì sí nǹkan, ó ti tó àkókò láti rí dókítà. Bí ìyàwó bá ti lé ní ẹni ọdún 35, oṣù 6 ti tó. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin kò la iṣẹ́ abẹ lọ, kò la oògùn lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn. Ọdún 7 ni mo fi gbé oògùn mì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ inú mi, kí bàbá ọmọ mi tó gbà láti ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro náà wà. Wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọsibítù tako ìgbàgbọ́, kó rántí pé oníṣègùn ni Lúùkù.

Èkejì, ẹ má ṣe da àwẹ̀ gbígbẹ pọ̀ mọ́ oògùn tí dókítà ní kí ẹ máa lò lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọjọ́, òun ló sì ń dùn mí jù. Ẹ má ṣe gba ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí Ọlọ́run kò fún ní ọjọ́, pàápàá bí wọ́n bá ti fi iye lé ọjọ́ náà.

Ọdún kẹta ìgbéyàwó mi ni mo lọ sí ìsọjí kan. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wòlíì ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Olúwa sọ fún òun pé "ní ìwòyí àmọ́dún" bọ́ síwájú pẹ̀lú irúgbìn 150,000 náírà. Aránṣọ ni mí. Mo ta maṣíìnì tí mo fi ń rànṣọ àti èyí tí mo fi ń ṣe wíífìn, mo san án pé. Ó dá ọjọ́ fún wa, ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ ni mo fi kọ tèmi sára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọkọ mi kò ti ní rí i. Odidi ọdún kan ni mo fi ń ru aṣọ tí mo ti gé sínú báálì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi, tí mò ń dúró dìgbà tó bá parí iṣẹ́ tirẹ̀ lálẹ́ kí n tó rí maṣíìnì lò. Ọjọ́ náà pé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni nǹkan oṣù mi dé.

Mo padà lọ bá a. Ó ní agbọ̀n ni ìgbàgbọ́ mi, omi kò lè dúró nínú rẹ̀, kí n lọ wá irúgbìn míì wá.

Mo ti rí owó míì, mo ti ra maṣíìnì míì. Ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bí mo bá kúnlẹ̀, "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" nìkan ni mo lè sọ, ẹkún ni ìyókù. Mo gbà pé èmi ni mo pa ọmọ mi nípa àìgbàgbọ́, ọmọ tí a kò tíì lóyún rẹ̀.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ẹni ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tó jáde kúrò ní Háránì lórí ìlérí, ẹni ọdún 100 ni nígbà tí a bí Ísákì. Fún ọdún 24 nínú ọdún 25 yẹn, Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ìlérí lásọtúnsọ, kò sì dá ọjọ́ kankan. Ìgbà tí Ábúráhámù pé ẹni ọdún 99 ni ọjọ́ jáde, ní orí 17. Àwọn kan á ní ẹgbọrọ màlúù tó pa fún àlejò ni irúgbìn tó mú Ísákì wá. Ẹ kà á dáadáa: orí 18 ni a pa màlúù. Ọlọ́run ti dá ọjọ́ kí màlúù tó dé ìdí ààrò.

Ẹsẹ kan sì wà tí gbogbo yín mọ̀, Jeremáyà 29:11, èrò àlàáfíà. Ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 70 ni yóò pé fún àwọn Júù tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ní orí 28, wòlíì Hananáyà ti sọ fún àwọn èèyàn ní Jerúsálẹ́mù pé ọdún 2 péré ni. Irọ́ ni Hananáyà pa, ó sì kú lọ́dún yẹn. Àwọn tó ń ta ọjọ́ lónìí, orí ìjókòó Hananáyà ni wọ́n wà. Èmi náà ń dá ọrẹ, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́. Ọrẹ kò ra ọjọ́, òun ni mò ń sọ.

Òmíràn tún ni kéèyàn ká ayé rẹ̀ kò sójú kan nítorí pé ó ń dúró. Jeremáyà kan náà ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, nínú oko ẹrú yẹn. Ọ̀kan nínú wa rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kò lọ, nítorí wọ́n ní oyún ń bọ̀ lọ́dún náà. Ì bá ti gboyè báyìí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹbí fi ìkánjú bá yín wá Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin tí Sárà fún Ábúráhámù kó lè bímọ.

Ẹ̀yin tí ẹ yí wa ká, ẹ dẹ́kun bíbi wá níbi ìkómọjáde pé "tiwa ńkọ́?" Élì fojú wo Hánà tó ń gbàdúrà fún ọmọ, ó ní ọtí ló mu yó. Àlùfáà ni, ó sì ṣì í. Lẹ́yìn tí Hánà gbàdúrà tán, kò tíì lóyún, ó lọ jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Ibi tí mo ń fẹ́ kí àwọn obìnrin mi dé nìyẹn.

Bí mo bá sì ń ronú nípa ẹni tó dúró láìní ọjọ́ kankan lọ́wọ́, Àfàlá, ìyá Àjàyí Crowther, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ta ni yóò sọ fún un pé wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní Freetown? Kò tíì mọ Jésù nígbà náà. Ní 1846, wọ́n fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25, bíi ti Ábúráhámù. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́.

Mo sọ ìtàn yìí fún ìyàwó kékeré náà ní Sátidé yẹn, a jọ sunkún díẹ̀, mo sì ní kó mú nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ wá. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, bí ìyá ti ń bẹ ọmọ. Àwọn ìgò náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Ọkọ lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ni èsì ń jáde, èmi ni n ó bá wọn lọ gbà á.