Ògì Lásán Kì í Tọ́ Ọmọ: Ìtọ́sọ́nà Lórí Púrótíìnì fún Àwọn Ilé Àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ilé tó ń gbin àgbàdo àti pákí, tó sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, la kọ ìwé yìí fún. A kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń rẹ àgbàdo tàbí bí a ṣe ń yan gàrí; ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo là ń bá yín sọ, torí òun là ń rí lójoojúmọ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ó bọ́ sórí ògì lásán, orí ògì náà ló wà títí tó fi pé ọdún méjì. Wọ́n bu ṣúgà sí i, wọ́n ní ó yó. Ó yó lóòótọ́, àmọ́ kò dàgbà.

Ohun tó wà nínú abọ́ wa

Àmínò ásíìdì ni ègé kéékèèké tó para pọ̀ di púrótíìnì. Oríṣi 20 rẹ̀ ni ara fi ń mọ ẹran ara, ẹ̀jẹ̀, irun àti ohun tó ń bá àrùn jà. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè dá ṣe. Inú oúnjẹ nìkan ni wọ́n ti ń wá. Bí ẹyọ kan bá dín nínú mẹ́sàn-án náà, ibi tí ẹyọ náà bá mọ ni iṣẹ́ ara mọ, bí àwọn yòókù tilẹ̀ kún inú. Bíríkìlà tí yanrìn rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tán, kò lè mọ ilé.

Gíráàmù 100 àgbàdo ní nǹkan bíi gíráàmù 9 púrótíìnì, ṣùgbọ́n lysine àti tryptophan, méjì nínú mẹ́sàn-án náà, kéré nínú rẹ̀. Ẹ̀wà ní 23, lysine sì pọ̀ níbẹ̀. Methionine, òmíràn nínú mẹ́sàn-án náà, ló kù díẹ̀ káàtó, èyí tí àgbàdo àti ìrẹsì lè fi kún un. Ìdí nìyí tí àgbàdo àti ẹ̀wà fi gbọ́dọ̀ wọ ikùn ọmọ lọ́jọ́ kan náà, ì báà má jẹ́ nínú abọ́ kan. Sóyà ní nǹkan bíi 36, ẹ̀pà 25, ẹyin adìẹ kan ní 6. Gàrí ńkọ́? Gíráàmù 1 tàbí kó fi díẹ̀ lé e. Àgbàlagbà tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 50 lójúmọ́. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò 13. Ẹ wá fi ẹ̀bà nìkan ṣírò rẹ̀.

Ògì tún wá burú ju àgbàdo tí wọ́n fi ṣe é lọ. Bí ẹ bá ṣe ń sẹ́ ẹ ni púrótíìnì ń bá èèrí lọ, èèrí náà lẹ sì ń gbé fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ń sanra lẹ́yìnkùlé, ọmọ ń rù nínú ilé.

Ẹran ọjọ́ Àìkú kò lè gbé ọmọ dé ọjọ́ Sátidé. Ara kì í tọ́jú àmínò ásíìdì pamọ́ bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ṣe ló ń sun ún fún agbára. Díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Àdàlù àgbàdo àti sóyà

Agolo mílíìkì 7 àgbàdo, agolo 3 sóyà. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Sóyà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí inú lè da púrótíìnì, ooru nìkan ló sì ń pa á. Ẹni tó bá rẹ sóyà tútù pọ̀ mọ́ àgbàdo, tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó sì kàn da omi gbígbóná lé e, inú rírun ló ń fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ pé sóyà kò bá ọmọ àwọn lára mu. Ẹ jẹ́ kí omi hó yaya ná kí ẹ tó da sóyà sí i. Ìgbà tí omi náà bá tún padà hó ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 30. Ẹ dà á sínú omi tútù, ẹ fi ọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bó, ẹ ṣàn án, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ kanrin. Ẹ wá yan òun àti àgbàdo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́, kí wọ́n pọ́n díẹ̀, kí wọ́n má jóná. Ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀, ẹ má sẹ́ ẹ. Ẹ ní kí ẹlẹ́rọ kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan fọ ẹ̀rọ kí ata ẹlòmíràn má bàa bá tiyín lọ. Ẹ má lọ̀ ju èyí tí ẹ máa lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí òróró inú sóyà máa ń bàjẹ́. Òórùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Fún abọ́ kan, ẹ bu ṣíbí ìjẹun 3 tó kún, nǹkan bíi gíráàmù 30. Ẹ fi omi tútù pò ó, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí gbogbo omi rẹ̀ má ju ife kan lọ, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 15. Abọ́ yìí ní púrótíìnì tó nǹkan bíi gíráàmù 5. Tí ẹ bá fi ṣíbí bù ú tó ṣàn kúrò lórí rẹ̀, omi ti pọ̀ jù.

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ: ṣíbí 2 sí 3 ni kó fi bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi dé ìlàjì ife, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oṣù mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá: ìlàjì ife, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Láti ọdún kan sí méjì: bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife sí ife kan, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpápánu. Ẹ má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú títí yóò fi pé ọdún méjì.

Ẹja, ẹyin, àti gàrí tí kò kan

Ewùrà inú ìkọ́kọrẹ́ àti kókò inú ẹ̀bìrìpò kò ní púrótíìnì tó tọ́mọ. Ẹja ló gbé wọn ró. Ẹ yọ egungun ṣáwá, ẹ rún ẹran rẹ̀ sí oúnjẹ ọmọ, kó tó kan abọ́ bàbá. Àwọn tó ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá jẹ ẹyin yóò jalè, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹyin kan tí ẹ sè kó le dáadáa lójúmọ́ kò sọ ọmọ kankan di olè.

Májèlé sáyánáìdì tó bá ṣẹ́kù nínú pákí, èròjà sulphur inú àmínò ásíìdì bíi methionine ni ara fi ń sọ ọ́ di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde. Ẹni tó ń jẹ gàrí ṣáá láìsí ẹja tàbí ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń pàdánù. Ẹ jẹ́ kí pákí tí ẹ rin pé ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò kí ẹ tó yan án. Àwọn tó ń fún un lónìí tí wọ́n ń yan án lọ́la nítorí ọjà, ìwà ìkà ni sí ẹni tó máa rà á.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ibẹ̀ bá jin sínú tí kò tètè dìde, tàbí tí téèpù ìwọnpá bá fi hàn pé apá ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìlera lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ẹyin mẹ́ta àti mílíìkì tọ́jú rẹ̀ nílé. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì lè gba púrótíìnì púpọ̀. Oúnjẹ tí púrótíìnì rẹ̀ kéré ni ilé ìwòsàn fi ń bẹ̀rẹ̀, bó bá sì yá ni wọ́n á fi kún un.

Ẹni tó ń gbin àgbàdo

Àgbàdo kan wà tí lysine àti tryptophan inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àgbàdo wa. ILE 1-OB àti ART 98-SW6-OB wà lára irú rẹ̀ tí IAR&T (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Ìbàdàn mú jáde; wọ́n ní oko ìwádìí ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ lè lọ bèèrè níbẹ̀. Bí ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo aládùúgbò bá fẹ́ dé orí tiyín, ọmọ àgbàdo tó bá so níbẹ̀ ti pàdánù àǹfààní yẹn, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi mítà 200 ó kéré tán jìnnà sí oko mìíràn, tàbí kí ẹ gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú tàbí lẹ́yìn tiwọn. Àárín oko ni kí ẹ ti ṣa irúgbìn ọdún tó ń bọ̀; ti etí oko, ẹ jẹ ẹ́.