Bí ẹ ṣe lè ya àwòrán sára ògiri àdúgbò yín kí àdúgbò sì máa tọ́jú ẹ̀

Ògiri àkọ́kọ́ tí mo yà ní Àbújá, ní Nyanya, kò lò ju oṣù méjì lọ. Owó ara mi ni mo fi ra pẹ́ńtì, àwòrán ọ̀hún rẹwà, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, kí n tó padà débẹ̀ wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ ọn látòkè délẹ̀, ààtàn tó wà nídìí ẹ̀ sì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí wọra. Nígbà tó yá ló yé mi pé kò sẹ́ni tó gbà pé òun nípìn-ín nínú ẹ̀, àjèjì kan kàn wá kun ògiri fún wọn ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ara ògiri kejì ni mo ti kọ́ ọ, ìyẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó ni ibẹ̀ lọ. Ẹ lọ kí Mai Anguwa, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, nílé, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé dáadáa. Ẹni tó ni ògiri náà, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tó ní déètì. Tó bá jẹ́ ògiri ìjọba tàbí ti ẹ̀bá títì, ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ area council yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, torí wọ́n lè fi pẹ́ńtì mìíràn bo gbogbo iṣẹ́ yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ tún bá àwọn mai bola tó ń fi báró kó pàǹtí ṣàdéhùn, kẹ́ ẹ sì fi ibòmíì tí wọ́n á máa dà á sí han àwọn èèyàn, torí àwòrán nìkan ò lè lé ààtàn lọ, bó ti wù kó dára tó.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ máa yà, ẹ má bi àwọn ará àdúgbò pé kí ni wọ́n fẹ́, òdòdó ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa ló sọ fún mi pé odò kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ti ń pọnmi, ó pe ìyá àgbà kan wá tó jẹ́ Gbagyi, ìyẹn ẹ̀yà tó ti wà nílẹ̀ Àbújá tipẹ́, ìyá yẹn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn fọwọ́ gbá èjìká ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ibí làwọn ń gbé ìkòkò lé, kì í ṣe orí. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, obìnrin mẹ́ta tó gbé ìkòkò lé èjìká la yà. Ẹ yí owó 20 náírà sẹ́yìn wò, Ladi Kwali, amọ̀kòkò, lobìnrin tó wà pẹ̀lú ìkòkò níbẹ̀ yẹn, ọmọ Gbagyi ni, Kwali tó wà nínú FCT, agbègbè olú ìlú yìí, ni wọ́n bí i sí. Àwa tá a wá látilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ ká mọ ìtàn ilẹ̀ tá à ń gbé, àwọn obìnrin tiwa náà ṣáà ti ń kun ògiri ojúbọ n'Ífẹ̀ tipẹ́. Tí ògiri bá kọjú sí mọ́ṣáláṣí, ẹ má ya ojú èèyàn, ẹ bá Imam sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ lo irú ọnà táwọn Hausa ń ṣe sára ilé ní Zaria àti Kano, ó rẹwà gan-an.

Ó wá ku ògiri fúnra ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fún un lọ́jọ́ 28 kó gbẹ. Tí ò bá dá yín lójú, ẹ fi téèpù lẹ nylon mọ́ ọn, kẹ́ ẹ dí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ṣí i lọ́jọ́ kejì, tómi bá ti wà nínú ẹ̀, kò tíì yá nìyẹn. Ohun funfun bí ìyẹ̀fun tó ń jáde nísàlẹ̀ ògiri, iyọ̀ ni, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọ̀n ọ́n, ẹ má da omi sí i. Emulsion, ìyẹn pẹ́ńtì olómi, tí wọ́n ṣe fún ìta ni kẹ́ ẹ lò, gloss tó jẹ́ olóròóró máa ń bó lára símẹ́ńtì tútù. Ògiri tó gùn ní mítà 10 tó ga ní mítà 2, gálọ́ọ̀nù lítà 4 méjì á tó fún funfun ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pupa tó ń tàn yòò, oòrùn máa jẹ ẹ́, pupa ilẹ̀ ló máa ń pẹ́.

Òpin October sí November ló dáa jù níbí, òjò ti lọ, eruku ọyẹ́ ò sì tíì pọ̀ débi tí á máa lẹ̀ mọ́ pẹ́ńtì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, ẹ dúró ní mọ́kànlá, ẹ padà ní mẹ́rin, torí tóòrùn bá mú, pẹ́ńtì á gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì.

Kẹ́ ẹ tó gbé àwòrán látinú ìwé sára ògiri, ẹ fa ìlà sí i lára níbùú lóròó ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì, kẹ́ ẹ fa ti ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 50-50, ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan lórí ìwé lẹ máa yà sínú èyí tó bá a mu lára ògiri. Okùn bíríkìlà ni kẹ́ ẹ fi èédú pa, ẹni méjì á dì í mú ní eteetí, ẹnì kẹta á fà á látàárín, á jù ú sílẹ̀, ìlà á sì jáde gbọnrangandan. Ẹ kọ nọ́ńbà sínú ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa wà, kẹ́ ẹ wá pe àwọn ọmọdé kí wọ́n kun gbogbo ibi tọ́wọ́ wọn bá dé. Ẹ ò ní rí i kí wọ́n da nǹkan síbẹ̀ mọ́. Ọmọ kan tó kun ìdí ìkòkò kìíní fún wa, òun ló ń lé àwọn tó bá fẹ́ tọ̀ síbẹ̀ lọ.

Pẹ́ńtì tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má kó o lọ. Ẹ dé e pa, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí i lára, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ládùúgbò. Abẹ́ tábìlì ìyá alákàrà ni tiwa wà, oṣù tó kọjá ló pè mí pé ẹnu ìkòkò kejì ti bó, pé kí n máa bọ̀, òun ti fọ búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.